Mo Fọ Kùrukùru Dànù

Ohùn mi máa ń lọ sókè tí inú mi bá ń dùn, ó sì tún máa ń lọ sókè tí inú bá ń bí mi, nítorí náà ẹ fara dà á fún mi. Àrínọlá ni mí. Iṣẹ́ fọ́tò ni mo kọ́ ní Ìbàdàn kí n tó lọ́kọ, ọdún mẹ́fà gbáko lábẹ́ ọ̀gá mi, Bàbá Oyèníran, tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1987, èmi àti ọkọ mi Akínlóyè ń gbé ní Ardwick, ní Manchester. Òun ń parí ìwé dókítà rẹ̀ lórí bí aró ṣe ń mú aṣọ. Èmi ń nu ọ́fíìsì láàárọ̀, mo sì ń lọ sí kíláàsì fọ́tò ní Stretford ní gbogbo ọjọ́ Túsìdeè.

Theresa, tíṣà wa, ló mú fọ́ọ̀mù náà wá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan láàárín ìlú fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo tó máa kọ́ iṣẹ́ fọ́tò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún méjì, bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Jánúárì. Ohun tí wọ́n fẹ́ rí kò pọ̀. Fọ́tò mẹ́fà ni, dúdú àti funfun, kí wọ́n ya gbogbo rẹ̀ níbì kan náà, ní ìta gbangba, kí èèyàn sì rí irú ojú ọjọ́ tó wà lọ́jọ́ yẹn nínú rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Nòfẹ́ńbà, ni kí oníkálukú gbé tirẹ̀ wá. Theresa ní tó bá jẹ́ òun ni, inú igbó lòun máa lọ, nísinsìnyí tí ewé ń wọ́, kí òun dúró de kùrukùru.

Ẹ gbọ́, mo fẹ́ ipò yẹn débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu mi. Mo mọ fọ́tò ìgbéyàwó, mo mọ ti ìsọmọlórúkọ, mo mọ ti páásípọ́ọ̀tù. Lẹ́yìn ìyẹn, mo mọ̀ pé ohun tí mi ò mọ̀ pọ̀, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn. Àmọ́ ìṣòro kan wà ńlẹ̀. Yunifásítì tó rán Akínlóyè wá láti ilé fẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Jánúárì kan náà, kò sì sí ọgbọ́n tó lè dá sí i. Tí wọ́n bá mú mi, òun nìkan ló máa lọ. Ọdún kẹta ìgbéyàwó wa nìyẹn, ìyá rẹ̀ sì ti ń kọ lẹ́tà pé òun ò tíì gbọ́ igbe ọmọ.

Mo fi fọ́ọ̀mù náà hàn án lórí àsáró ọ̀dùnkún. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó nu dígí ojú rẹ̀, ó ní kí n kọ orúkọ mi sí i. Gbogbo ohun tó sọ náà nìyẹn. Inú mi dùn, mo fò mọ́ ọn lọ́rùn, àsáró dà sórí ìwé dókítà. Mi ò bi í pé ọdún méjì yẹn ńkọ́. Òun náà ò sì mẹ́nu bà á.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti di aṣọ́nà fún kùrukùru. Mo ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì, ojú mi wà lójú fèrèsé. Òjò ni. Lọ́jọ́ kejì, òjò. Lọ́jọ́ kẹta, oòrùn yọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú u. Nígbà tó di àárọ̀ Sọ́ńdè, ọjọ́ kìíní oṣù Nòfẹ́ńbà, mo fa kọ́tìnì, mi ò rí ilé tó wà ní òdìkejì títì mọ́. Mo pariwo débi pé Akínlóyè fò dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wá bàtà, ó rò pé iná ló sọ. Mo ní kó wọ kóòtù, kó má bi mí ní nǹkan kan.

A wọ ọkọ̀ ojú irin dé Oldham, a sì fẹsẹ̀ gun òkè kọjá àwọn ilé tí wọ́n kọ́ mọ́ra wọn, títí a fi dé igbó kan tí mo ti lọ wò tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn, mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Àwọn igi tó sún mọ́ wa dúdú, àwọn tó tẹ̀ lé wọn rí bí eérú, àwọn tó wà lẹ́yìn wọ̀nyẹn sì kàn dà bí ẹni pé wọ́n ń ronú bóyá kí wọ́n wà tàbí kí wọ́n má wà. Ewé ń já bọ́, kò dún. Ọyẹ́ ilé wa ni mo mọ̀, èyí tó máa ń gbẹ, tó ń la ẹnu. Eléyìí tutù, ó ń bà lé mi ní ìpéǹpéjú. Mo kàn dúró síbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Àmọ́ lọ́dọ̀ Bàbá Oyèníran, a kì í ya igbó. Fọ́tò gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ni ín, igi kì í wá sí sítúdíò. Mo bá mú ọkọ mi jókòó sórí igi kan tó ti wó. Mo ní kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, kó wo iwájú gan-an, kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn, torí bàbá máa ń sọ pé ẹni tí etí rẹ̀ kan ò sí nínú fọ́tò, àwọn ará ilé rẹ̀ á ní wọ́n gé e ni. Ìdí rẹ̀ tutù, ó fara dà á. Mo yà á nígbà méjìlá. Ìgbà yẹn ni mo rántí Theresa, mo wá yíjú sí àwọn igi lásán, mo ya ìyẹn nígbà méjìdínlógún, mo ń sáré, mo ń dọ̀bálẹ̀ sórí ewé, mo ń bá ara mi sọ̀rọ̀. Mo gbàgbé pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Nígbà tí mo rántí rẹ̀, mo ní kó wá dúró sí ojú ọ̀nà, kó gbé àgbọ̀n sókè. Ó dúró díẹ̀. Ó ní òtútù ń mú òun. Mo ní kó ní sùúrù. Kàkà kó ní sùúrù, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sínú igbó.

“Akínlóyè, ẹ padà wá síbí.”

Èmi kì í pè é ní ẹ̀yin àfi tí inú bá ń bí mi, ó sì mọ̀. Kò wẹ̀yìn. Ìbínú ru bò mí, ìka mi sì wà lórí kámẹ́rà, ni mo bá ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ń lọ, bí ẹni ń sọ òkò, ìgbà mẹ́fà, títí fíìmù fi tán. Ní ìgbà ìkẹyìn, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Mo tún pè é, kò dáhùn. Mo dúró. Ibi gbogbo pa rọ́rọ́, ìbínú mi wá ń di ẹ̀rù. Ó tó àsìkò tí èèyàn fi ń se ẹyin kó tó yọ jáde padà, ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò, ó ní ká máa lọ. Mo sọ fún un pé ó ti ba fọ́tò mẹ́fà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní kí n má bínú. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ó di ojú rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó sùn.

Ilé ìwẹ̀ wa ni mo sọ di yàrá òkùnkùn. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì dí fèrèsé, mo fọ fíìmù náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sá a sórí okùn. Akínlóyè ní láti lọ tọrọ ilé ìtọ̀ lọ́dọ̀ Àbdùl, ará Ìlọrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀mejì.

Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, mo na fíìmù náà sójú ìmọ́lẹ̀, ọkàn mi sì bàjẹ́. Kùrukùru bo gbogbo rẹ̀. Kò sí ohun tó mọ́ kedere níbẹ̀. Lójú ẹni tí Bàbá Oyèníran kọ́ níṣẹ́, ìtìjú gbáà nìyẹn. Nígbà ọyẹ́ nílé, bí fọ́tò tí a bá yà níta ṣe máa ń rí nìyẹn, oníbàárà á sì gbé e padà wá, á ní ta lẹ rí tẹ́ ẹ yà yìí. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi kọ́ mi ní omi yẹ́lò. Ìyẹ̀fun pupa kan ni a máa ń pò mọ́ omi. A ó ki nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí a ti fọ̀, bọ inú rẹ̀, a ó máa mì í jẹ́jẹ́, a ó máa kà, ohun tó bò ó á sì ṣí kúrò lójú rẹ̀. Tí a bá wá fọ fọ́tò jáde lára rẹ̀, dúdú á dúdú, funfun á funfun. Nínú gbogbo ọmọ iṣẹ́ bàbá, èmi ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Tí àlejò bá wá sí sítúdíò, èmi ló máa ń pè jáde pé kí n ṣe é kí wọ́n rí i.

Mo ní ìyẹ̀fun yẹn. Láti Ìbàdàn ni mo ti gbé e wá nínú agolo kékeré, láàárín gààrí àti ẹja gbígbẹ.

Mo gé fíìmù náà ní mẹ́fà-mẹ́fà, ó di ègé mẹ́fà. Márùn-ún ni mo kó sínú omi yẹ́lò. Ẹ̀kẹfà, èyí tó jẹ́ kìkì ẹ̀yìn Akínlóyè, mo jù ú sórí pátákó fèrèsé, torí inú ṣì ń bí mi sí i. Mo ń mi abọ́, mo ń kà, mo ń kọrin, kùrukùru sì ń lọ. Mo wá lo bébà tó le jù lọ, irú èyí tó ń mú kí dúdú ṣú, kí funfun sì mọ́, láti fi fọ fọ́tò jáde. Haa, ẹ wò ó. Gbogbo igi igbó náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Èèyàn lè ka èèpo ara wọn. Èèyàn lè ka bọ́tìnì kóòtù ọkọ mi. Mo jó nínú ilé ìwẹ̀ yẹn títí igbá ìwẹ̀ fi dà nù.

Nígbà tó di Túsìdeè, mo gbé èjìká sókè lọ sí Stretford. Mo to mẹ́fà tó dára jù sórí tábìlì níwájú Theresa, mo sì dúró de ìyìn. Theresa wò wọ́n pẹ́. Ó wá bi mí jẹ́jẹ́ pé kùrukùru náà dà.

“Mo ti fọ̀ ọ́ dànù,” ni mo wí, ẹnu mi ò sì ṣeé pa dé fún ayọ̀.

Kì í ṣe ẹni tó máa ń bú èèyàn. Ó kàn bi mí bóyá orí bébà ni mo ti ṣe é àbí ara nẹ́gátíìfù gan-an. Mo ní nẹ́gátíìfù ni, èyí tí kò ṣeé dá padà mọ́. Ó fa àga, ó jókòó. Ó ṣàlàyé fún mi pé ojú ọjọ́ ni àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ní ká fi han àwọn, pé kò sí ẹni tó máa wo ohun tí mo tò síbẹ̀ yìí tó máa mọ̀ pé kùrukùru wà lọ́jọ́ náà. Ó ní igi ni mo mú wá, pé igi sì wà níbi gbogbo.

Mo wo àwọn fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rántí bí mo ṣe dúró nínú igbó yẹn tí mo ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín gan-an ni mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀ dànù, mo sì ń kọrin nígbà tí mo ń ṣe é. Inú bí mi sí Theresa pé kò kìlọ̀ fún mi, inú bí mi sí Bàbá Oyèníran tí kò mọ nǹkan kan sí i, kó tó wá padà sórí èmi gan-an. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀. Rédíò ti sọ pé atẹ́gùn àti òjò ni títí di ìparí ọ̀sẹ̀.

Theresa jẹ́ kí n sunkún tán kó tó bi mí bóyá ọ̀kankan ṣẹ́ kù tí omi yẹ́lò ò kàn. Mo ní mẹ́fà ni, pé ẹ̀yìn ọkọ mi lásán ni, pé kò wúlò. Ó ní kí n mú un wá lọ́la lọ́sàn-án, òun á ṣí yàrá òkùnkùn kíláàsì fún mi.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ó fún mi ní bébà tó rọ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ eérú hàn, ó sì fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Mo fọ ti àkọ́kọ́. Akínlóyè jáde nínú omi, ó tóbi, ó sún mọ́ mi, èèyàn lè rí ibi tí mo ti rán èjìká kóòtù rẹ̀. Mo fọ ìkejì, ó ti wà láàárín igi méjì. Ní ìkẹta, kùrukùru ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀. Mi ò tíì rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láti ọwọ́ mi. Gbogbo eérú, gbogbo òtútù, ohun gbogbo tí mo rí lọ́jọ́ náà ló wà níbẹ̀, mo sì ń sọ ọ́ sókè fún ara mi pé ó wà níbẹ̀, ó wà níbẹ̀. Mo fọ ìkẹrin, mo fọ ìkarùn-ún, mi ò rántí pé mi ò tíì jẹun.

Ní ìkẹfà, òun ò ju èékánná lọ mọ́, àbààwọ́n kékeré kan láàárín funfun. Ọwọ́ mi ń yún mi. Mo mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo lè fi páálí tó ní ihò sábẹ́ iná, kí ìmọ́lẹ̀ rọ̀ sórí ibẹ̀ nìkan, kó lè ṣú sí i, kó lè hàn. Ẹgbẹ̀rún ojú ni mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Mo gbé páálí náà, mo dì í mú síbẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀, mo sì jẹ́ kó wà bó ṣe wà.

Ìgbà tí mo sá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí okùn lẹ́sẹẹsẹ ni mo tó rí ohun tí mo yà. Ọkùnrin kan ni, ó ń lọ, ó sì lọ tán. Ọkọ mi ni. Mo wá àga, mo jókòó. Ẹ̀rù bà mí láti gbé wọn fún àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì, bí ẹni pé tí mo bá gbé wọn lọ, èmi ni mo rán an níṣẹ́ kó máa lọ. Àmọ́ wọ́n dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, wọ́n dára ju ohunkóhun tí mo ti ṣe rí lọ, mi ò sì lè fi wọ́n sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, èèyàn mẹ́ta ló jókòó síwájú mi. Olórí wọn ni Julius, onírùngbọ̀n. Wọ́n ń gba fọ́tò náà lọ́wọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò yára. Julius bi mí pé ta ni eléyìí. Mo ní ọkọ mi ni. Ó bi mí pé níbo ló ń lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé òtútù ló ń mú un. Ohun tó jáde lẹ́nu mi kọ́ nìyẹn.

“Ó ń lọ sílé,” ni mo wí. “Èmi ni mo dúró.”

Wọ́n gbójú sókè wò mí. Ó tún bi mí bóyá èmi ni mo ní kó máa rìn lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní rárá o, mo ní kó padà wá ni, kò gbọ́. Obìnrin tó wà láàárín wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n lọ dúró níta. Mo rìn lọ rìn bọ̀ nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí. Nígbà tí wọ́n pè mí padà, Julius dìde, ó na ọwọ́ sí mi, ó ní ipò náà ti di tèmi. Igbe tí mo ké, àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kejì jáde wá wò ó bóyá ẹnì kan ṣubú.

Mi ò dúró de bọ́ọ̀sì. Mo sáré láti àárín ìlú dé Ardwick, òjò ń pa mí, mo fi fọ́tò sábẹ́ kóòtù. Akínlóyè ṣílẹ̀kùn, ó wo ojú mi, kò dúró kí n sọ ọ́. Ó gbé mi, ó ń fi mí yí po, bàtà mi gbá iná orí tábìlì lulẹ̀. À ń rẹ́rìn-ín, à ń pariwo, Àbdùl ń fi igi gbá àjà rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ń pè mí ní Tíṣà, ó ń pè mí ní Ọ̀gá Fọ́tò Ìlú Ọba. Lẹ́yìn náà ló ní òun fẹ́ rí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú mi, torí mi ò tíì fi hàn án.

Mo tò wọ́n sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ti ń múra láti bẹ̀ ẹ́, pé mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ó wò wọ́n láti orí ìkíní. Nígbà tó dé ìkẹfà, ó tẹ̀ba, ó wá ara rẹ̀ títí ó fi rí i, ó sì fi ìka lé e.

“Òtútù kọ́ ló lé mi lọ lọ́jọ́ yẹn,” ló wí. “Mo fẹ́ mọ bó ṣe máa rí ni, kí n máa lọ, kí ìwọ dúró. Mo rìn títí mi ò fi rí ọ mọ́. Mò ń gbọ́ tí o ń pè mí. Mo wá dúró síbẹ̀, mo ń ka oṣù.”

Mo bi í pé oṣù wo.

“Láti Jánúárì. Mẹ́rìnlélógún. Mo kà á pé kí n tó padà wá bá ọ.”

Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì, mo di apá ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo ní kó tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí kó kà á sókè, kí èmi náà gbọ́ bó ṣe gùn tó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti Jánúárì.